Ìmọ́lẹ̀ Là Ń Kùn: Ìrírí Mi Nídìí Ère Ogun Kéékèèké

Ère jagunjagun tí a fi ń ṣeré ogun lórí tábìlì kì í sábà ga ju 28 sí 32 mílímítà lọ láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé ojú. Ibẹ̀ ni gbogbo ìṣòro iṣẹ́ kíkùn ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni adùn rẹ̀ wà. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ wò. Ènìyàn gidi ga ju irú ère bẹ́ẹ̀ lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 60. Tí ère bá wà ní mítà kan sí ojú ẹni tó ń wò ó, ọkùnrin tó dúró ní nǹkan bí 60 mítà ni ojú ń rí yẹn. Ta ló ń rí bọ́tìnnì ẹ̀wù ẹni tó jìnnà tó bẹ́ẹ̀? Ta ló ń rí ẹyinjú rẹ̀? Tí mo bá kun aṣọ ère ní pupa, tí mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, pupa ni ojú máa rí, kò ní rí aṣọ. Kòtò inú aṣọ ère kì í sábà jìn ju mílímítà kan lọ, iná inú yàrá sì ń tàn sí i láti òkè, láti ẹ̀gbẹ́ àti láti ara ògiri, òjìji tó bá wà níbẹ̀ kò tó nǹkan. Èmi tí mo mú búrọ́ọ̀ṣì dání ni màá fi ọ̀dà ṣe òjìji náà, tí màá sì fi ọ̀dà gbé ìmọ́lẹ̀ sórí gegele aṣọ. Gbogbo ohun tí mo ti kọ́ nídìí iṣẹ́ yìí, abẹ́ ọ̀rọ̀ kan ló wà: ìmọ́lẹ̀ là ń kùn. Àwọ̀ ń tẹ̀ lé e ni.

Eré Warhammer ló mú mi wọ ọ̀rọ̀ náà, bó ṣe mú ọ̀pọ̀ èèyàn káàkiri ayé. Games Workshop, ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1975, ló gbé e jáde ní 1983: ayé àwọn oṣó, àwọn eegun òkú tó ń gbé idà, àti dírágónì. Ní 1987 ni Warhammer 40,000 tẹ̀ lé e, tó gbé ogun lọ sáàárín àwọn ìràwọ̀, pẹ̀lú ọmọ ogun tó wọ ìhámọ́ra nínípọn àti ẹ̀rọ tó ń fi ẹsẹ̀ rìn. Ọdún 1987 yẹn kan náà ni ìdíje kíkun ère tí wọ́n ń pè ní Golden Demon bẹ̀rẹ̀, níbi tí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá ta gbogbo tàwọn yòókù yọ ti ń gba idà. Mo máa ń jókòó ti àwòrán àwọn ère tó gba ẹ̀bùn níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Púpọ̀ nínú wọn kò ní ju àwọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ. Ṣùgbọ́n téèyàn bá wo ère náà, á mọ ibi tí oòrùn wà.

Iṣẹ́ kì í bẹ̀rẹ̀ látinú ìgò ọ̀dà. Ère ike máa ń wá nínú férémù. Ẹ̀mú tó mú ni kí ẹ fi gé e kúrò, ẹ má fi ọwọ́ ṣẹ́ ẹ. Níbi tí ìhà méjèèjì mọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ṣe ère ti pàdé, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan máa ń yọ lára ère, ó lè gba orí àṣíborí kọjá dé èjìká, kó dé itan. Ẹ̀yìn ọ̀bẹ ni mo fi ń ha á díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá fojú fo ìlà yẹn á tún padà rí i, torí ohunkóhun tó bá yọ síta lára ère ló ń gba ìmọ́lẹ̀, ìlà náà á sì gbà á ju imú lọ. Gọ́ọ̀mù ike máa ń yọ́ ojú ike méjèèjì kí wọ́n lè di ọ̀kan. Kò wúlò fún irin àti résìnì (ohun olómi tó máa ń le bí ike nínú mọ́ọ̀dù), super glue ni àwọn yẹn ń fẹ́. Ara résìnì ní ọ̀rá tí wọ́n fi ń yọ ọ́ kúrò nínú mọ́ọ̀dù, ọ̀dà kì í sì dúró lórí rẹ̀, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ fọ̀ ọ́. Eruku résìnì kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró rárá: ẹ mú un tutù kí ẹ tó ha á, kí ẹ sì bo imú. Òjé wà nínú ọ̀pọ̀ ère irin àtijọ́, ẹ fọ ọwọ́ yín tí ẹ bá dì wọ́n mú tán.

Ọ̀dà ìpìlẹ̀ ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀, torí ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé. Ọ̀dà agolo tí a ń fín ni mo ń lò. Màá kọ́kọ́ fín dúdú yí ère ká, lábẹ́ apá, láàárín ẹsẹ̀, lábẹ́ àṣíborí, títí kò fi ní sí ibi tí ike ṣì hàn. Tó bá gbẹ, màá mú funfun, màá gbé agolo ga ju orí ère lọ, kó dà sí ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀, màá sì fín in láti òkè nìkan. Ibi tí funfun bá bà lé, ibẹ̀ ni oòrùn máa bà lé. Ibi tí kò dé, òjìji ni. Orí, èjìká, orókún, òkè apata, gbogbo wọn á funfun. Abẹ́ àgbọ̀n, abíyá, ẹ̀yìn ẹsẹ̀, gbogbo wọn á wà ní dúdú, eérú á sì wà láàárín méjèèjì. Kí àwọ̀ kankan tó kàn án ni mo ti máa ń fi fóònù yà á, láti iwájú, láti ẹ̀yìn àti láti ẹ̀gbẹ́. Fọ́tò yẹn ló ń wà níwájú mi títí iṣẹ́ á fi parí. Nígbà tí ọwọ́ bá ti wọ inú àwọ̀, tó sì wá di ìbéèrè bóyá òkè ìbọ̀wọ́ irin ló yẹ kó mọ́lẹ̀ jù ni àbí ìgúnpá, fọ́tò ni mo ń bi.

Kí agolo jìnnà sí ère ní bí 20 sí 30 sẹ̀ǹtímítà. Tó bá sún mọ́ ọn jù, ọ̀dà á dí ojú àti àárín ìka. Tó bá jìnnà jù, ọ̀dà á ti gbẹ nínú afẹ́fẹ́ kó tó dé, ara ère á wá rí háráhárá. Ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ bá kún fún ọ̀rinrin, mo máa ń fi agolo sílẹ̀ ni, kí n fi búrọ́ọ̀ṣì kun ìpìlẹ̀.

Akrílíìkì ló pọ̀ jù nínú ọ̀dà tí a fi ń kun ère lónìí. Omi inú rẹ̀ á fẹ́ lọ, èròjà ike tó wà nínú rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ra wọn, tó bá sì ti gbẹ, omi kò lè tú u mọ́. Bó ṣe wà nínú ìgò, ó ki jù fún iṣẹ́ wa. Ẹ fi omi là á títí á fi máa ṣàn bíi mílíìkì, kí ẹ wá fi díẹ̀ kan èékánná àtàǹpàkò yín. Tó bá dúró síbi tí ẹ fi sí, tí èékánná sì ń hàn fírífírí lábẹ́ rẹ̀, ó ti tó. Tó bá sá lọ sí etí èékánná, omi ti pọ̀ jù, á sì fi àmì sílẹ̀ tó bá gbẹ. Ìpele méjì tó fẹ́lẹ́ sàn ju ẹyọ kan tó nípọn lọ, nítorí èyí tó nípọn á dí kòtò tí a fẹ́ kí òjìji jókòó sí.

Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ fi ọkàn ṣe iṣẹ́ yìí, mo rọ̀ ọ́ kó ní àwo tútù. Abọ́ pẹlẹbẹ tó ní ìdérí ni, fóòmù tó mumi yó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, pépà tí ọ̀rá kì í là kọjá wà lórí fóòmù. Omi á máa gba inú pépà gòkè wá díẹ̀díẹ̀, ọ̀dà orí rẹ̀ kò sì ní gbẹ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni pé mo lè po àwọ̀ kan láti èyí tó ṣókùnkùn jù dé èyí tó mọ́lẹ̀ jù, kí gbogbo wọn tò sílẹ̀ níwájú mi lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ jẹ́ kí n fi aṣọ oṣó kan ṣàpẹẹrẹ. Aṣọ àwọ̀lékè rẹ̀ gùn dé ilẹ̀, atẹ́gùn sì gbé etí rẹ̀ sí apá òsì. Mo fẹ́ kó pupa. Pupa tó ṣókùnkùn, tí mo fi búlúù díẹ̀ pò, ló máa kọ́kọ́ lọ kárí gbogbo aṣọ. N kì í fi dúdú po pupa láti ṣe òjìji: dúdú máa ń pa pupa, á sì jọ ìdọ̀tí, ṣùgbọ́n búlúù máa ń mú un jinlẹ̀ láì pa á. Lẹ́yìn náà ni pupa gangan á wá, lórí gegele àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí màá fi kòtò sílẹ̀ bó ṣe wà. Èyí tó kàn ni pupa tí mo fi àwọ̀ ọsàn là, ní òkè gegele nìkan àti níbi tí aṣọ ti gba orí èjìká kọjá. Funfun kò ní kàn án, torí pupa tó bá ti rí funfun, píǹkì ló ń dà. Ìkẹyìn ni ìlà tín-ín-rín ti àwọ̀ ọsàn tó mọ́lẹ̀ kedere, ní téńté gegele àti ní etí aṣọ tí atẹ́gùn gbé sókè.

Níbi tí ìpele kan ti pàdé èkejì, ààlà á hàn. Màá mú pupa gangan yẹn, màá fi omi là á títí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní àwọ̀ mọ́, màá nu búrọ́ọ̀ṣì sára tíṣù kí omi rẹ̀ dín kù, màá wá fà á láti ibi tó mọ́lẹ̀ lọ sí ibi tó ṣókùnkùn. Ibi tí a bá ti gbé búrọ́ọ̀ṣì kúrò lára ère ni ọ̀dà ń pọ̀ sí jù. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fà á wọ inú òjìji. Ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ tún fà á. Kí ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ títí ààlà á fi pòórá, tí ojú kò fi ní mọ ibi tí pupa kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Ayọ̀ tí mo ń rí nígbà tí ààlà yẹn bá lọ, n kò mọ ohun tí mo lè fi wé e.

Kì í ṣe gbogbo àwọ̀ ló ń bo abẹ́ rẹ̀ bákan náà. Yẹ́lò fẹ́lẹ́ púpọ̀. Tó bá bọ́ sórí dúdú, àwọ̀ ewé tó dọ̀tí ló ń dà. Ẹ fi píǹkì kun ibẹ̀ kí yẹ́lò tó gùn ún, á mọ́lẹ̀, òjìji rẹ̀ á sì dùn ún wò. Funfun ní ìṣòro tirẹ̀. Ìhámọ́ra tó funfun báláú látòkè délẹ̀ kò ní àyè tí ìmọ́lẹ̀ lè gbà sí mọ́, torí kò sí ohun tó tún mọ́lẹ̀ ju funfun lọ. Eérú tó mọ́ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹ fi funfun gidi pamọ́ de etí àti téńté. Bákan náà ni dúdú: mo máa ń po búlúù mọ́ ọn, kí dúdú gidi lè wà fún kòtò nìkan.

Tí ọmọ ogun bá pọ̀, kò ṣeé ṣe láti fi ọ̀nà tí mo fi kun aṣọ oṣó yẹn kun ogójì eegun òkú. Níbẹ̀ ni ọ̀dà olómi ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ kun eegun ní àwọ̀ eegun, kí ẹ da ọ̀dà olómi aláwọ̀ ilẹ̀ bò ó, á ṣàn wọ àárín ìhà, ihò ojú àti oríkèé, á sì gbẹ síbẹ̀ bí òjìji. Lẹ́yìn náà, ẹ ti orí búrọ́ọ̀ṣì tó gbòòrò bọ àwọ̀ tó mọ́lẹ̀, ẹ nù ún sára tíṣù títí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán, kí ẹ wá máa gbọ̀n ọ́n lórí eegun náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ohun tó yọ síta nìkan ló máa mú un. Ní 2019, Games Workshop gbé ọ̀dà kan tí wọ́n ń pè ní Contrast jáde, tó ń ṣe òjìji àti àwọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà tó bá wà lórí ìpìlẹ̀ tó mọ́lẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ lórí irun, awọ ẹranko àti aṣọ tó ní kòtò púpọ̀. Lórí ìhámọ́ra tó tẹ́jú, ó máa ń kóra jọ sójú kan, n kì í lò ó níbẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ti wà nídìí iṣẹ́ náà ṣáájú mi ló kọ́ mi ní nǹkan kan tí n kò jẹ́ fi sílẹ̀. Ó ní kí n ya ère tí mo ń kùn lọ́wọ́, kí n mú àwọ̀ kúrò nínú fọ́tò náà kó ku dúdú àti funfun. Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó nà án sí mi lójú.

"Níbo ni ojú ẹ kọ́kọ́ lọ?"

Mo ní ojú ère náà ni.

"Ó dáa. Tó bá ti jẹ́ bàtà ló kọ́kọ́ lọ, iṣẹ́ ṣì kù."

Pupa àti àwọ̀ ewé lè yàtọ̀ gédégbé lójú wa, síbẹ̀ kí wọ́n di eérú kan náà nínú irú fọ́tò bẹ́ẹ̀. Láti ọ̀ọ́kán tábìlì, wọ́n á wọnú ara wọn. Ọ̀kan gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ kí èkejì lè dìde, ibi tí ẹ bá sì fẹ́ kí ojú sinmi sí ni kí mímọ́lẹ̀ àti òkùnkùn ti súnmọ́ra jù lọ.

Irin ló ṣòro jù láti ṣàlàyé, torí ọ̀dà fàdákà ń dán fúnra rẹ̀. Èérún wẹ́wẹ́ mica, irú òkúta kan tó ń dán, ló wà nínú rẹ̀ tó ń dá ìmọ́lẹ̀ yàrá padà, dídán yẹn sì ń ṣí kiri bí ère bá ṣe ń yí. Síbẹ̀ mo máa ń fi ọ̀dà olómi dúdú sí abẹ́ rẹ̀, kí n fi fàdákà tó mọ́lẹ̀ jù sí etí. Omi tí ẹ bá fọ búrọ́ọ̀ṣì fàdákà sí, ẹ gbé e sábẹ́ iná, ẹ máa rí èérún tó ń tàn kiri nínú rẹ̀. Ẹ dà á nù kí ẹ tó kun ojú ènìyàn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á máa dán yinrin. Àwọn kan kì í tilẹ̀ fi ọ̀dà fàdákà kun irin rárá. Eérú, dúdú àti funfun ni wọ́n fi ń ṣe idà. Àṣírí rẹ̀ ni pé lára irin, ibi tó dúdú jù àti ibi tó mọ́lẹ̀ jù máa ń fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn. Tí ẹ bá fi ìpele púpọ̀ sáàárín wọn, aṣọ ni ẹ kùn yẹn.

Ẹyinjú ọmọ ogun lásán, n kì í kùn ún. Òjìji ihò ojú ti tó fún un. Ti ọ̀gágun ni mo ń kùn: àwọ̀ ilẹ̀ tó ṣókùnkùn ló máa kún ihò náà, ìlà funfun tí kò funfun jù á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni ìlà dúdú kan tó dúró ṣánṣán, tó kan ìpéǹpéjú lókè àti nísàlẹ̀. Tí kò bá kàn án, ère náà á máa ranjú bí ẹni tí ẹ̀rù bà. Ẹ̀yìn náà ni màá wá fi àwọ̀ ara tún etí rẹ̀ ṣe.

Fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn èèyàn máa ń wá búrọ́ọ̀ṣì tó kéré jù lọ. N kò gbà pẹ̀lú wọn. Búrọ́ọ̀ṣì tó kéré jù kì í gba ọ̀dà dúró, á ti gbẹ lórí irun kó tó dé ara ère. Nọ́ńbà 1 tàbí 2 tí orí rẹ̀ mú ló dára. Irun kolinsky, ẹranko kékeré kan, ló gbajúmọ̀ jù láàárín wa, pàápàá Series 7 ti Winsor & Newton, tí ilé-iṣẹ́ náà sọ pé ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ látinú àṣẹ tí Ọbabìnrin Victoria pa fún wọn ní 1866. Ohun tó ń pa búrọ́ọ̀ṣì ni ọ̀dà tó bá wọ inú irin tó di irun mú. Ẹ má ti búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà kọjá ìdajì irun, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ má sì fi orí rẹ̀ ti ìsàlẹ̀ ife omi.

Tó bá jẹ́ odindi ẹgbẹ́ ọmọ ogun ni, màá kun ẹyọ kan tán pátápátá ná, màá kọ orúkọ gbogbo ọ̀dà tí mo lò àti bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ léra sínú ìwé. Lẹ́yìn ìyẹn ni màá to márùn-ún sí mẹ́wàá sílẹ̀, kí n máa kun àwọ̀ kan lára gbogbo wọn. Orí, èjìká àti ohun ìjà ló ń gba àkókò mi, torí òkè ni àwọn tó ń ṣeré ti ń wò wọ́n. Ilẹ̀ abẹ́ ẹsẹ̀ wọn ṣe pàtàkì ju bí àwọn kan ṣe rò lọ. Tí ìhámọ́ra bá ṣókùnkùn, kí ilẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹsẹ̀ lè yọ. Kí etí ìdúró gbogbo wọn, ìyẹn pèpéle kékeré tí ère dúró lé, sì jẹ́ àwọ̀ kan náà. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí ìdúró wọn bára mu máa ń jọ ara wọn kódà tí ọwọ́ tó kùn wọ́n kò bá dọ́gba.

Fáníìṣì ló ń dáàbò bo iṣẹ́ náà, torí ìka àwọn tó ń ṣeré máa ń bó ọ̀dà. Fáníìṣì tó ń dán ló lágbára ju èyí tí kì í dán lọ, nítorí náà mo máa ń kọ́kọ́ fi í ṣe ààbò, kí n tó fi èyí tí kì í dán gùn ún. Dandan ni èyí kejì lójú mi: dídán á máa gbé ìmọ́lẹ̀ yàrá sórí ìmọ́lẹ̀ tí mo fi ọwọ́ ara mi kùn, àwọn méjèèjì á sì máa jà. Ojú ẹ̀rọ, òkúta iyebíye àti itọ́ ẹranko abàmì nìkan ni mo ń fi dídán sílẹ̀ fún.

Dírágónì kan ló wà lórí tábìlì mi báyìí, ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti gbẹ. Awọ apá tó fi ń fò fẹ́lẹ́, mo sì fẹ́ kó dà bíi pé oòrùn ń ti ẹ̀yìn là á kọjá. Ìyẹn yí gbogbo ètò padà, torí inú apá tó kọjú sí wa, tó yẹ kó jẹ́ òjìji, ló máa gba àwọ̀ tó móoru jù. Àárín awọ láàárín eegun kan sí èkejì ni màá fi àwọ̀ ọsàn àti yẹ́lò sí, kó máa pupa bó ṣe ń súnmọ́ eegun, kí eegun fúnra rẹ̀ ṣókùnkùn biribiri, torí ìmọ́lẹ̀ kò lè là á kọjá. Iṣan inú awọ ni màá fà kẹ́yìn, pẹ̀lú àwọ̀ ilẹ̀ tí mo fi omi là dáadáa. Màá bẹ̀rẹ̀ láti apá òsì, torí òun ló tẹ́jú jù.